Irọ́ Kan Tí Àyúbà Kò Lè Pa

Ẹ fi ọwọ́ di imú yín ná kí a tó ṣí ìtàn yìí, torí òórùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òórùn náà ni yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ Japhet Ikúmápàyí, ló ń bọ̀ láti Ìkẹjà lọ́jọ́ náà. Apẹja ará Ìlàjẹ ni bàbá rẹ̀, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé. Ohun tí bàbá bá pa, ọmọ á yan án, á gbé e lọ tà fún àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbé ọ̀sà da sílẹ̀ látòkè. Ọmọ́ṣaléwá ti ta ẹja rẹ̀ tán, ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ Fádèyí, ó gbé agbọ̀n òfìfo lé itan. Ni ọkùnrin kan bá wọlé, ó fìdí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pùú! Òórùn kẹrosíìnì gba gbogbo inú ọkọ̀. Ká ní ẹnì kan ṣáná níbẹ̀ ni, wọn ì bá gbọ́ ìró rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Aṣọ ọkùnrin náà dúdú fún èéfín, ìyẹ́ àfòpiná lẹ̀ mọ́ fìlà rẹ̀, òkú kòkòrò kan sì so rọ̀ létí rẹ̀ bíi yẹtí. Ọmọ́ṣaléwá sún sẹ́yìn. Ó yíjú síta, ó fi ìborùn dí imú.

Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ti ṣí fìlà, ó ti fi dí imú tirẹ̀ náà!

"Kí lo ń fi fìlà dímú fún?"

"Sìsí, agbọ̀n yín ni. Ẹja inú rẹ̀ ti kú láti ayé Nóà."

"Ẹja wo? Agbọ̀n òfìfo nìyí! Ìwọ tó ń rùn bí àtùpà tó jábọ́ sí ṣálángá!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan tí kò léyín rẹ́rìn-ín títí eyín fi fẹ́ẹ̀ hù lẹ́nu rẹ̀.

"Òórùn iṣẹ́ ni, sìsí," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi Àyúbà, ọmọ Ṣómólú, èmi ni mò ń fa bàálù bọ̀ nílẹ̀ ní pápá Ìkẹjà. Bí mi ò bá lọ síṣẹ́, òkè ni wọ́n máa wà títí ebi á fi pa òyìnbó inú wọn."

"Okùn lo fi ń fà á ni?"

"Iná ni. Bí ojú ọjọ́ bá dì, tí awakọ̀ bàálù ò rí ilẹ̀, àtùpà tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ ló máa wò sọ̀kalẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún àtùpà! Èmi nìkan ni mò ń tàn wọ́n, ẹyọ ìṣáná kan ni mo sì ń lò."

"Irọ́ yìí á pa ọ́."

"Irọ́ kì í pa mí o. Èmi ni mò ń pa á."

Ọmọ́ṣaléwá pòṣé, ó tutọ́ síta ojú fèrèsé. Àmọ́ nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ní Fádèyí, ó rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó rán òun níṣẹ́. Nígbà tó délé, ó fi kànìnkànìn ha ara rẹ̀ bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja. Òórùn kẹrosíìnì lọ. Ẹ̀rín ọkùnrin yẹn kò lọ, ìyẹn gan-an ló sì kó o nírìíra jù.

Àyúbà kì í ṣe ẹni tí í jókòó wo ojú òṣùpá. Kí oṣù náà tó kú, ó ti wádìí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Sabina, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ọmọ́ṣaléwá, tó ń ránṣọ ní Abúlé Òkúta. Sabina di alárinà. Ẹ wá wo alárinà! Bùrẹ́dì tí Àyúbà bá fi rán an, ìdajì ló ń dé Bàrígà. Sàdíìnì tó bá fi rán an, agolo rẹ̀ ló ń dé. Ibi tí Àyúbà ti ń fi bùrẹ́dì bọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni Ẹkúndayọ̀, ọmọ díákónì ìjọ wọn, ti ń fi bísíkíìtì bọ́ ọ nítorí ọmọbìnrin kan náà. Sabina sanra láàárín oṣù mẹ́ta débi pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń kérora.

"Ẹkúndayọ̀ mọ́ tónítóní," ni Sabina wí. "Kì í rùn."

"Kì í sọ̀rọ̀ náà," ni Ọmọ́ṣaléwá dáhùn. "Bí mo bá bi í léèrè ohun kan, á ní 'bí bàbá bá ṣe wí.' Bàbá ta ni? Ṣé bàbá mi ni mo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Tóò, Àyúbà ńkọ́?"

"Fi mí sílẹ̀. Èébì ló ń gbé mi bí mo bá rántí rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń rántí rẹ̀ lójúmọ́?"

Ọmọ́ṣaléwá mú ẹja mìíràn. Ó ń já ìfun ẹja lọ, ó dojú kọ ilẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Àyúbà ránṣẹ́ sí Ọmọ́ṣaléwá pé kó wá wo iṣẹ́ òun. Ó tètè jí lọ sí Ìkẹjà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn wáyà pápá bàálù. Ọyẹ́ náà ki bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Bí èèyàn bá na ọwọ́, ẹlòmíràn ló máa bá a rí ìka rẹ̀. Ó rí Àyúbà tó gun orí àgbá òfìfo kan ní ìbẹ̀rẹ̀ títì bàálù. Àwọn àtùpà onímú gígùn wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń jó, wọ́n ń rú èéfín dúdú. Òyìnbó kan dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù tó fi ń bá àwọn tó ń darí bàálù sọ̀rọ̀. Bàálù kan sì ń kùn yíká lókè bíi kòkòrò tó há sínú ìgò, kò sẹ́ni tó rí i.

"Àtùpà mélòó lo rí?" ni ẹni tó ń túmọ̀ fún òyìnbó náà béèrè.

Ọmọ́ṣaléwá múra ẹ̀rín. Ó ń retí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún.

Àyúbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó wò ó, wò ó. "Mẹ́fà, sà."

"Wọ́n ní ṣé kì í ṣe méje? Bí ó bá jẹ́ méje, bàálù lè sọ̀kalẹ̀."

"Mẹ́fà, sà. Mo mọ ibi tí ìkeje wà, èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Àmọ́ mi ò rí i."

Òyìnbó sọ̀rọ̀ sínú tẹlifóònù. Kíkùn tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó lọ, ó dákẹ́. Bàálù ti wá ibòmíràn gbà. Ọmọ́ṣaléwá di wáyà mú. Ohùn tó gbọ́ yẹn kì í ṣe ohùn inú bọ́lẹ̀kájà. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló bọ́ sínú awọ Àyúbà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Àyúbà rìn wá sídìí wáyà, ẹnu rẹ̀ sì ti padà sípò. "Ṣé o rí i? Bàálù yẹn bẹ̀rù mi ló fi sá lọ."

"Àyúbà, nígbà tó o mọ̀ pé ìkeje wà níbẹ̀, kí ló dé tí o kò kà á?"

"Ẹni tó wà lókè ò mọ ibi tí mo gbé e sí. Ojú mi ló fi ń ríran." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gbé àtùpà kan tó ti kú sókè. "Wá wo ìyà tí mò ń jẹ." Ó da inú rẹ̀ sílẹ̀. Epo dúdú dà, òkú àfòpiná dà bí ẹ̀wà tó bà jẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ti wú, tí awọ rẹ̀ ti bó, já lulẹ̀ pọ̀tọ̀.

Ọmọ́ṣaléwá bì. Ó bi oúnjẹ àná, ó bi ti ìjẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bi ọmú tó mu ní ìkókó.

"Ó ti tán," ni Àyúbà wí, ó ń fọwọ́ fẹ́ ẹ láti òdìkejì wáyà. "Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kéré sí tàná."

Ọjọ́ yẹn ni Ọmọ́ṣaléwá mọ̀ pé òun ti kó sínú ìfẹ́ ọkùnrin yìí.

Àwọn òbí ló kù. Kùdírátù, ìyá Àyúbà, lọ́fínńdà àti tùràrí ló ń tà ní Ṣómólú. Imú obìnrin náà mú débi pé bí èèyàn bá pọn omi ní Fádèyí, á mọ irú kànga tó ti wá. Ó wá sí Bàrígà láti wo ọmọ tí ọmọ òun ń tìtorí rẹ̀ ra bùrẹ́dì. Ó tẹ́ aṣọ ìnujú sórí bẹ́ǹṣì kó tó jókòó, ó sì fi etí gèlè dí imú.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà," ni Ọmọ́ṣaléwá wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Yàgò fún afẹ́fẹ́ kí n lè mí. Onígbàgbọ́ ni ọ́, ìmàle ni wá. Mo lè gbé ìyẹn mì. Àmọ́ ẹja yìí! Bí ẹ bá bímọ, ṣé awọ ló máa ní ni àbí ìpẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ń rùn bí ilé ìtajà kẹrosíìnì."

"Kẹrosíìnì ń wẹ̀ kúrò! Ẹja kì í wẹ̀ kúrò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni lọ́fínńdà yín, mà. Àwọn adìẹ wa ti sá lọ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé."

Kùdírátù dìde, ó yínmú, ó tutọ́ sẹ́yìn ilé, ó lọ. Nígbà tó máa dé Ṣómólú, ó fi odidi ìgò lọ́fínńdà wẹ̀.

Ti Japhet le ju ìyẹn lọ. Àyúbà dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ etí omi bí ọmọlúàbí. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni! Àmọ́ ẹnu rẹ̀ gbé e lọ.

"Bàbá, Ọbabìnrin òyìnbó tó ń bọ̀ wá kí wa ní Nàìjíríà yìí, èmi ni mo máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti mọ orúkọ mi. Ó ní bí kì í bá ṣe Àyúbà ló tan iná, òun ò wá mọ́."

Ojú Japhet yí padà bí ẹni tó jẹ ẹja jíjẹrà. "Dìde kúrò níwájú mi."

"Bàbá..."

"Mo ní àbúrò kan, Adéjìmí. Ọjọ́ kan báyìí, kùrukùru bo omi. Ẹni tó jókòó ní imú ọkọ̀ wọn ní òun rí iná èbúté. Kò rí nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n yìn ín pé ojú òun mú ni. Wọ́n wakọ̀ tẹ̀lé irọ́ rẹ̀ wọ agbami. Ọjọ́ kẹta la rí Adéjìmí, akàn ti jẹ ojú rẹ̀." Japhet tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Àyúbà. "Irọ́ kan ló pa á. Mi ò ní fi ọmọ mi fún òpùrọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà ló ń ṣu."

Ọmọ́ṣaléwá gbọ́ ọ láti inú ilé. Kò jẹun, kò sùn. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: èwo gan-an ni Àyúbà? Ṣé ẹni tí ọbabìnrin mọ orúkọ rẹ̀ ni, àbí ẹni orí àgbá? Kí ni mo fẹ́ fi èyí tó kù ṣe bí mo bá fẹ́ ọ̀kan?

Ó sọ ohun tó rí ní pápá bàálù fún bàbá rẹ̀. Japhet gbọ́ ọ tán, ó lọ ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ alẹ́, ó sọ̀rọ̀ sókè débi pé ẹja inú ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ta kìjí.

"Ní Sátidé, màá fi àtùpà kọ́ sórí àwọn òpó láti èbúté wọ inú ọ̀sà. Mẹ́sàn-án ni màá tàn. Mẹ́sàn-án! Ẹkúndayọ̀ á wá, ọmọ Ṣómólú yẹn náà á wá. Kí olúkúlùkù dúró létí omi kó sọ iye tó rí fún mi."

Kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́, Ọmọ́ṣaléwá ti sáré dé Abúlé Òkúta. "Sabina, mo bẹ̀ ọ́, sọ fún Àyúbà pé mẹ́sàn-án. Kó má gbàgbé o. Mẹ́sàn-án!"

Sabina sọ ọ́. Bísíkíìtì ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ó lọ sọ ọ́ fún Ẹkúndayọ̀ náà.

Sátidé mọ́. Ọyẹ́ àti kùrukùru pàdé lójú ọ̀sà, wọ́n dì mọ́ra bí tọkọtaya. Omi ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ dúdú yọ síta pẹ̀lú ìfun ẹja àti agbọ̀n tó ti jẹrà, eṣinṣin ń kọrin lórí rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ wá pẹ̀lú kóòtù funfun, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣe ṣọ́ọ́ṣọ́ọ́ bíi lékeléke. Àyúbà ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, èéfín di tìróò lójú rẹ̀. Kùdírátù náà wá, ó ní òun fẹ́ wo bí wọ́n ṣe máa lé ọmọ òun. Aṣọ tó kún fún lọ́fínńdà ló so mọ́ imú bí olè.

Japhet pe Ẹkúndayọ̀. "Mélòó lo rí?"

Ẹkúndayọ̀ na ọrùn díẹ̀. "Mẹ́sàn-án, sà. Wọ́n ń tàn yanranyanran."

"Ó dáa. Ìwọ ńkọ́?"

Àyúbà gun orí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wò ó. Ọmọ́ṣaléwá dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó na ìka mẹ́sàn-án sókè, ó tún fi ẹnu ṣe é láìfọhùn. Àyúbà rí i. Ó rí i dáadáa. Ó mi orí.

"Márùn-ún, bàbá."

"Márùn-ún?"

"Wọ́n ní mẹ́sàn-án ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Márùn-ún ni ojú mi rí."

Ìbínú gun Ọmọ́ṣaléwá, ìríra gun ìbínú lórí. Ọkùnrin yìí! Ọkùnrin tó pa irọ́ fún mi láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́, tó ní ìṣáná kan lòun fi ń tan ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún àtùpà! Irọ́ kan ṣoṣo tó máa fi gbé mi wọlé ni kò lè pa!

"Ó ṣe, Àyúbà!" ló pariwo. "O ti dójú tì mí!" Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ìfun ẹja ní ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó sọ ọ́ lu Àyúbà. Ó bà á ní iwájú orí, ó ṣàn gba imú, ó ṣàn gba irùngbọ̀n.

"Yéè!" ni Kùdírátù ké. "Wọ́n ti fi ìfun wẹ ọmọ mi!"

Japhet kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ti ọkọ̀ sómi. "Ẹ wọkọ̀. Ìwọ, ìwọ, àti ìwọ Ọmọ́ṣaléwá."

Wọ́n ń wakọ̀ lọ láti òpó dé òpó. Àtùpà kìíní ń jó. Ìkejì ń jó. Wọ́n kọjá ìkarùn-ún, ó ń jó. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹfà, Japhet já a lórí òpó, ó gbé e lé Ẹkúndayọ̀ lọ́wọ́.

"Gbóná?"

Ẹkúndayọ̀ bojú wo èbúté.

"Mo ní ṣé ó gbóná?"

"Ó... ó tutù, sà."

Japhet gbà á, ó dojú rẹ̀ dé. Epo kankan ò dà. Aláǹtakùn kan ló rọra jáde, ó gun kóòtù funfun. "Láti ọjọ́ tí mo ti ra èyí, kò tíì fojú kan kẹrosíìnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mẹ́ta tó kù níwájú. Márùn-ún ni mo tàn." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ohun tí mo bá sọ nídìí àwo alẹ́ ọjọ́ yẹn, etí àwọn méjèèjì ló máa sùn sí."

Ẹnu Ọmọ́ṣaléwá là bíi ti èpìyà. Ojú tì í, ó fẹ́ bọ́ sómi.

Japhet yí sí Àyúbà. "Wọ́n sọ fún ọ pé mẹ́sàn-án ni?"

"Wọ́n sọ fún mi, bàbá."

"O sì fẹ́ ọmọ mi?"

"Áà, bàbá, mo fẹ́ ẹ ju bí..." Ẹnu rẹ̀ ti ń múra àtifò, ni ìfun ẹja bá já bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tu ú sómi, ó sì gé e kúrú. "Mo fẹ́ ẹ, bàbá."

Imú ọkọ̀ ni Ẹkúndayọ̀ ti lọ jókòó fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ. Japhet fi àjẹ̀ tọ́ka sí i pé kó dìde. "Bọ́ sẹ́yìn, ọmọ díákónì." Lẹ́yìn náà ló wí fún Àyúbà pé, "Lọ jókòó níbẹ̀. Máa wo ọ̀nà fún wa délé."

Àyúbà lọ jókòó síbẹ̀. Gbogbo ará Bàrígà ló mọ̀ pé láti ìgbà tí Adéjìmí ti kú, Japhet kì í gbé ẹnikẹ́ni sí imú ọkọ̀ òun àfi ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bá Kùdírátù lọ́dọ̀ ìyá Ọmọ́ṣaléwá, òbòkún yíyan ńlá kan wà lọ́wọ́ Kùdírátù. Aṣọ lọ́fínńdà ṣì wà nímú, ó ń ti ẹja gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ní kì í ṣe pé òun ń jẹ ẹ́, òun ń tọ́ ọ wò láti mọ ohun tó ń rùn nínú rẹ̀ ni. Ó tọ́ mẹ́ta wò tán, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí ọbabìnrin òyìnbó wá tó sì lọ ni wọ́n ṣègbéyàwó. Àyúbà ní ọbabìnrin juwọ́ sí òun láti ojú fèrèsé bàálù. Ẹ jẹ́ kó máa wí.

Òwúrọ̀ kan ní Ṣómólú, ó ti ibi iṣẹ́ wọlé, kòkòrò so mọ́ ọn létí bíi ti ọjọ́sí. Ọmọ́ṣaléwá ń fẹ́ná sábẹ́ ẹja.

"Àyúbà, báwo ni ìfẹ́ tí o ní sí mi ṣe tó?"

"Háà! Bí wọ́n bá kó o sínú ọkọ̀ ojú irin, táyà rẹ̀ á bẹ́. Ó ga ju..."

"Ọkọ̀ ojú irin kì í ní táyà. Mi ò bi ọmọ Ṣómólú. Ẹni tó ń gun orí àgbá ni mo bi."

Àyúbà ṣí fìlà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó wò ó, ó wò ó pẹ́ nínú èéfín ẹja.

"Ìwọ nìkan ni mo rí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ó sún mọ́ ọn. Pùú! Kẹrosíìnì gba imú Ọmọ́ṣaléwá wọlé, ó gba ọ̀fun rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìborùn tó fi dí imú nínú bọ́lẹ̀kájà lọ́jọ́sí wà léjìká rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìborùn náà.